Àlùbọ́sà lábẹ́ máíkírósíkóòpù: ògiri sẹ́ẹ̀lì nìkan ni mò ń rí, níbo ni ìyókù wà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orí ìkànnì yìí. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Mo gé àlùbọ́sà, mo fi sórí síláìdì, mo kán omi sí i, mo sì fi gíláàsì ìbòrí bò ó. Lábẹ́ lẹ́ǹsì 10, mo rí àwọn àpótí gbọọrọ gbọọrọ tó tò bí búlọ́ọ̀kù ara ilé. Nígbà tí mo bọ́ sí lẹ́ǹsì 40, ibi kan ṣókùnkùn, ibòmíì ń ṣe bàìbàì. Àwọn òrùka dúdú rìbìtì kan wà níbẹ̀, tí mo rò pé àwọn ni núkílíọ́sì (hóró tó ń darí sẹ́ẹ̀lì).

Ìwé ẹ̀kọ́ sọ pé sẹ́ẹ̀lì ewéko ní awọ, núkílíọ́sì, mitokọ́ńdíríà, ráíbósóòmù, fákúólù àti kilorópíláàsì. N kò rí ọ̀kankan. Mo tún ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti wo sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, kò sí nǹkan kan lórí síláìdì tí mo lè pè ní sẹ́ẹ̀lì. Mo gbọ́dọ̀ ya àwòrán méjèèjì, kí n sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò dára?

Gíláàsì_Mímọ́
Òrùka dúdú yẹn kì í ṣe núkílíọ́sì, afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ gíláàsì. Ohun tí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n ni pé etí rẹ̀ nípọn, ó dúdú kirikiri, àárín rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ gbòò. Ó tún máa ń gorí sẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Núkílíọ́sì kò lè jáde kúrò nínú àpótí tirẹ̀. Tí ẹ bá rí róbótó kan tó ré ògiri kọjá, ẹ má yà á.

Ìyá_Láàbù
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ sọ pé ẹ "gé" àlùbọ́sà. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó lójú yín, ìpele sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ló ń gun ara wọn níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè gba inú wọn kọjá dáadáa. Òun ló fà á tí ibì kan fi ṣókùnkùn. A kì í gé e, a máa ń bó o ni.

Ẹ la àlùbọ́sà sí mẹ́rin, kí ẹ mú ìpele kan tó nípọn, tó sì tutù láti inú rẹ̀. Ìpele yẹn ní ikùn àti ẹ̀yìn. Ikùn ni apá tó tẹ̀ wọnú. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní ikùn tí kò fẹ́ já, tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀rá. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré bó o wá. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni nínípọn awọ yẹn, nítorí náà kò sí ẹni tó ń dínà mọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Kí ẹ tó bó o ni kí ẹ ti kán omi sórí síláìdì. Awọ yìí máa ń gbẹ kíákíá, tó bá sì ti gbẹ, á ká jọ. Ẹ gé e kó tó mílímítà 5 ní òró àti ní ìbú, ẹ tẹ́ ẹ sínú omi náà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ nà án títí tí kò fi ní ìṣẹ́po kankan. Gíláàsì ìbòrí ńkọ́? Ẹ má jù ú lé e. Ẹ fi etí rẹ̀ kan omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dídàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé etí kejì, kí ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi á máa ti afẹ́fẹ́ síwájú títí á fi jáde.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ rẹ ẹ́ ní àwọ̀. Ẹ kán áyódíìnì ẹ̀kán kan sí etí gíláàsì ìbòrí, kí ẹ fi tíṣù kan etí kejì. Tíṣù á fa omi, áyódíìnì á sì tẹ̀ lé e wọ abẹ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sáítópílásímù (ohun kíki bí ọ̀gì tó yí núkílíọ́sì ká nínú sẹ́ẹ̀lì) á di pupa rúsúrúsú fẹ́ẹ́rẹ́, núkílíọ́sì á sì pọ́n jù ú lọ bí oyin. Láìsí àwọ̀, omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ á kàn là á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Lẹ́ǹsì40
Àlàyé Ìyá_Láàbù pé. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí ẹ ṣí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, nítorí lẹ́ǹsì 40 máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀.

Olùwòye_Jẹ́jẹ́
@Lẹ́ǹsì40, òótọ́ ni pé lẹ́ǹsì 40 nílò ìmọ́lẹ̀ ju lẹ́ǹsì 10 lọ, ṣùgbọ́n "pátápátá" yẹn léwu fún ohun tí àwọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀. Tí dáyáfíráàmù (ihò abẹ́ pèpéle tí à ń fi dín ìmọ́lẹ̀ kù) bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìmọ́lẹ̀ á bo etí gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, ojú á máa rí funfun nìkan. Ẹ ṣí i dé ìdajì, kí ẹ máa pa á dé díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń wò. Ibì kan wà tí etí núkílíọ́sì á yọ lójijì. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Tí ẹ bá tún pa á dé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìlà dúdú tí kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo nǹkan ká, ẹ ó sì yà wọ́n mọ́ ọn.

Ní ti bàìbàì yẹn, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ kò dojú síláìdì bolẹ̀? Gíláàsì ìbòrí gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Síláìdì nípọn tó mílímítà 1, gíláàsì ìbòrí kò ju nǹkan bíi mílímítà 0.17 lọ, lẹ́ǹsì 40 kò sì lè ríran gba inú síláìdì. Lábẹ́ lẹ́ǹsì 10 àwòrán lè dára pẹ̀lú àṣìṣe yìí, kó wá kọ̀ lábẹ́ 40. Ìkejì, áyódíìnì tàbí omi lè ti ta sí ojú lẹ́ǹsì. Bébà tí wọ́n ṣe fún lẹ́ǹsì ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi aṣọ nù ún. Ìkẹta, kọ́bù (ohun tí à ń yí kí àwòrán lè mọ́) wo ni ẹ ń yí? Lábẹ́ 40, kọ́bù kékeré nìkan. Ẹni tó bá yí kọ́bù ńlá níbẹ̀ lè fi lẹ́ǹsì fọ́ síláìdì.

Ewéko_Tútù
Ẹ má wá kilorópíláàsì nínú àlùbọ́sà rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ni apá tí à ń jẹ yẹn ti dàgbà, ìmọ́lẹ̀ kò kàn án, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ewéko ló ní kilorópíláàsì. Gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀ pàápàá kì í sábà ní in. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ rí i, ẹ wá ewé Elodea (koríko inú omi) tàbí ewé mọ́ọ̀sì, kí ẹ gbé odindi ewé kékeré kan sínú omi, láìfi àwọ̀ kankan sí i. Àwọn hóró aláwọ̀ ewé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi máíkírómítà 5, á tò sí etí ògiri. Tí ewé náà bá wà láàyè, tí ìmọ́lẹ̀ sì ti kàn án fún ìgbà díẹ̀, ẹ lè rí wọn tí wọ́n ń yí po nínú sẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe pé wọ́n ń rìn fúnra wọn, sáítópílásímù tó ń ṣàn ló ń gbé wọn.

Sáyẹ́ǹsì_Lójoojúmọ́
Ìdí tí ẹ kò fi rí mitokọ́ńdíríà nìyẹn náà. Sẹ́ẹ̀lì ewéko ń fi kilorópíláàsì ṣe agbára tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹranko ló nílò mitokọ́ńdíríà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán ewéko.

Ewéko_Tútù
Ó tì o, @Sáyẹ́ǹsì_Lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé èyí lọ síbi ìdánwò. Sẹ́ẹ̀lì ewéko ní mitokọ́ńdíríà, iṣẹ́ àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ síra. Kilorópíláàsì ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ so kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì àti omi pọ̀ di ṣúgà. Mitokọ́ńdíríà ló ń fi ọ́síjìn tú ṣúgà náà palẹ̀, tó ń fi agbára inú rẹ̀ ṣe ATP, èròjà agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó wò: lóru, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò sí, kí ni ewé ń gbé ayé lé? Àlùbọ́sà tí kò ní kilorópíláàsì yìí ńkọ́? Ṣúgà tó wà nílẹ̀ ni mitokọ́ńdíríà ń fọ́ fún un.

Sáyẹ́ǹsì_Lójoojúmọ́
Mo gbà, ẹ ṣeun. Mo ti pa méjèèjì pọ̀. Kí ló wá dé tí wọn kò fi hàn nígbà náà?

Olùtọ́nà_Bio
Ìwọ̀n ló fà á. Ojú lásán kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí wọn kò bá fi nǹkan bíi mílímítà 0.1 jìnnà síra. Máíkírósíkóòpù onímọ́lẹ̀ lásán, bó ti wù kó dára tó, máa ń dúró ní nǹkan bíi nanómítà 200, ìyẹn máíkírómítà 0.2. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pààlà yẹn, kì í ṣe ẹni tó ṣe lẹ́ǹsì. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá kọjá ibẹ̀, bàìbàì náà ni ẹ ń sọ di ńlá.

Ẹ wá fi ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wé e. Núkílíọ́sì sábà máa ń tó máíkírómítà 5 sí 10, ó rọrùn láti rí. Ìbú mitokọ́ńdíríà jẹ́ máíkírómítà 0.5 sí 1. Èyí kọjá ààlà wa, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀, áyódíìnì kò sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára sáítópílásímù. Àwọ̀ kan tó ń jẹ́ Janus green B máa ń rẹ ẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè, wọ́n sì máa ń lo lẹ́ǹsì 100 tí à ń kán òróró sí láti wò ó. Ráíbósóòmù, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to purotéènì pọ̀, kò ju nǹkan bíi nanómítà 25 sí 30 lọ. Awọ sẹ́ẹ̀lì nípọn tó nanómítà 7 sí 8 péré. Tí a bá to márùndínlọ́gbọ̀n irú awọ bẹ́ẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n tó lè tó nanómítà 200. Máíkírósíkóòpù onẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń fi àwọn wọ̀nyí hàn.

Nítorí náà, àwòrán inú ìwé ẹ̀kọ́ kì í ṣe àwòrán síláìdì kan. Wọ́n kó ohun tí onírúurú ẹ̀rọ àti àwọ̀ fi hàn jọ sójú kan. Robert Hooke wo kọ́ọ̀kì ní 1665, ó sì fún àwọn àpótí inú rẹ̀ ní orúkọ tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì títí di òní; ògiri òfìfo ló rí, ohun tó wà láàyè inú wọn ti kú lọ. Ó di 1831 kí Robert Brown tó fún hóró inú sẹ́ẹ̀lì ní orúkọ núkílíọ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ṣe ohun tí kò dára nígbà tó rí ògiri nìkan. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ yà. Tí olùkọ́ bá fẹ́ kí ẹ dárúkọ mitokọ́ńdíríà, ẹ ya àwòrán kejì, kí ẹ kọ ọ́ sí i pé àwòrán àlàyé ni, kì í ṣe ohun tí ẹ rí.

Lẹ́ǹsì40
Ẹ̀yin ará, a ti gbàgbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi lásán ló bà á jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò ní ògiri, tí ẹ bá gbé e sínú omi, omi á rọ́ wọ inú rẹ̀, á sì bẹ́. Ẹ lo omi oníyọ̀ ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìyá_Láàbù
Apá kan òtítọ́ nìyẹn, @Lẹ́ǹsì40. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló máa ń bẹ́ báyẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó ń bọ́ láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó ti gbó, tó fẹ́ ré kúrò lára tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi oníyọ̀ dára, èmi náà fara mọ́ ọn (gíráàmù 0.9 nínú mílílítà 100), ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìdí tí kò fi rí nǹkan. Àìsí àwọ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì yìí fẹ́lẹ́ gan-an, ó sì mọ́ bí omi tó wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ fi omi yọ ẹnu kí èérún oúnjẹ má bàa dà rú mọ́ ọn. Ẹ fi igi olówùú tó mọ́ ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ má fi èékánná tàbí ohun mímú ha á. Ẹ yí olówùú náà lórí síláìdì gbígbẹ, ní ibi tí kò tóbi ju èékánná lọ, kó lè fẹ́lẹ́. Tó bá pọ̀ jù, wọ́n á gun ara wọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kán àwọ̀ aró tó ń jẹ́ methylene blue tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí i, ẹ ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi gíláàsì bò ó, kí ẹ fi tíṣù fa èyí tó ṣẹ́kù kúrò ní etí. Tí gbogbo ojú ìwòran (ibi rìbìtì tí ẹ ń rí nínú lẹ́ǹsì) bá dúdú aró, àwọ̀ pọ̀ jù nìyẹn: ẹ kán omi sí etí kan, kí ẹ fi tíṣù fà á láti etí kejì títí á fi mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá wọn lábẹ́ lẹ́ǹsì 10. Ẹ ó rí ohun pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ kò gún, bí bébà tí wọ́n fi ọwọ́ ya, tí tóótóó aró kan wà láàárín rẹ̀. Tóótóó yẹn ni núkílíọ́sì. Àwọn èérún aró wínníwínní tó wà lórí wọn kì í ṣe mitokọ́ńdíríà o, bakitéríà ẹnu ni. Kí oníkálukú lo igi olówùú tirẹ̀, kó sì jù ú sínú oògùn apakòkòrò ní kété tó bá lò ó tán.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo bó awọ láti ikùn ìpele, mo sì fi áyódíìnì sí i. Núkílíọ́sì ti yọ! Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì kan ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, nínú òmíràn ó wà láàárín gbùngbùn, àwọn mélòó kan kò sì ní rárá. Èwo ni kí n yà? Báwo ni mo sì ṣe lè fi hàn pé awọ sẹ́ẹ̀lì wà, nígbà tó jẹ́ pé kò ṣe é rí?

Olùtọ́nà_Bio
Fákúólù, àpò omi ńlá inú sẹ́ẹ̀lì, ló gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àyè yẹn. Ó ti sáítópílásímù àti núkílíọ́sì mọ́ ara ògiri. Àpótí náà ní ìsàlẹ̀, òkè àti ẹ̀gbẹ́: núkílíọ́sì tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ á hàn létí, èyí tó lẹ̀ mọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ á hàn bí ẹni pé ó léfòó láàárín. Ẹ yí kọ́bù kékeré síwá sẹ́yìn lórí àwọn tí ẹ rò pé kò ní, púpọ̀ nínú wọn á yọ tiwọn síta. Èyí tí kò bá yọ lè jẹ́ pé ó ya nígbà tí ẹ ń bó o.

Gíláàsì_Mímọ́
Láti fi awọ sẹ́ẹ̀lì hàn, ẹ kán omi iyọ̀ sí etí síláìdì tí ẹ ti rẹ ní áyódíìnì yẹn, kí ẹ fi tíṣù fà á. Awọ á ká kúrò lára ògiri.

Ewéko_Tútù
Kò ní ṣiṣẹ́ lórí síláìdì yẹn, @Gíláàsì_Mímọ́, nítorí áyódíìnì ti pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ohun tó ń mú kí awọ ká ni pé, nígbà tó wà láàyè, ó ń jẹ́ kí omi kọjá, ó sì ń dá iyọ̀ dúró. Tó bá ti kú, iyọ̀ á wọlé bí omi ti ń wọlé, kò sì sí ohun tó máa fa omi jáde.

Síláìdì tuntun ni kí ẹ ṣe, láìsí àwọ̀. Àlùbọ́sà pupa ló dára jù, lọ́tẹ̀ yìí sì rèé, ẹ̀yìn ìpele ni kí ẹ ti bó o, níbi tí àwọ̀ pupa wà. Inú fákúólù ni àwọ̀ yẹn ń gbé, yóò sì máa fi ibi tí omi inú sẹ́ẹ̀lì wà hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú omi: pupa kún àpótí dé igun. Ẹ wá po iyọ̀ gíráàmù 5 mọ́ omi, kó jẹ́ mílílítà 100, kí ẹ fà á wọ abẹ́ gíláàsì bí ẹ ti fa áyódíìnì. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, pupa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò ní igun, á kó ara rẹ̀ jọ sáàárín, àwọ̀ rẹ̀ á sì ki sí i. Etí pupa yẹn ni ibi tí awọ wà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ rí awọ fúnra rẹ̀, ẹ rí ibi tó dúró sí ni. Ní àwòrán yín, àlàfo tó wà láàárín awọ àti ògiri kò ṣófo o: omi iyọ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí ògiri kì í dá iyọ̀ dúró.

Ẹ fi omi lásán fa iyọ̀ náà kúrò, pupa á padà kún àpótí. Tí kò bá padà, iyọ̀ ti pọ̀ jù tàbí ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, awọ ti ya.

Gíláàsì_Mímọ́
Ó yé mi báyìí. Ẹ ṣé tí ẹ tún un ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun
Ó ku ìbéèrè kan. Wọ́n ní kí a kọ bí àwòrán ti tóbi tó. Lẹ́ǹsì ojú mi jẹ́ 10, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 40, ṣé kí n kọ ×400 sábẹ́ rẹ̀?

Olùwòye_Jẹ́jẹ́
Rárá. 400 ni ìwọ̀n tí máíkírósíkóòpù fi mú un tóbi lójú yín. Bí ẹ bá ya àwòrán náà gba ojú ìwé kan tàbí kó wọ igun ìwé, nọ́ńbà rẹ̀ á yàtọ̀.

Ẹ wọn sẹ́ẹ̀lì náà ná. Ẹ gbé rúlà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá sórí pèpéle lábẹ́ lẹ́ǹsì 4, kí ẹ ka mílímítà tó wà láti etí kan ojú ìwòran dé etí kejì. Ká ní ó jẹ́ 4.5. Lẹ́ǹsì 40 fi ìlọ́po 10 ju 4 lọ, nítorí náà ojú ìwòran tirẹ̀ á kéré sí i ní ìlọ́po 10: mílímítà 0.45, ìyẹn máíkírómítà 450. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ìwòran, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà 300, tàbí mílímítà 0.3. Ẹ wá fi rúlà wọn àwòrán tí ẹ yà. Tó bá gùn tó mílímítà 90, ẹ pín 90 sí ọ̀nà 0.3, ẹ ó rí 300. ×300 ni kí ẹ kọ.

Ẹ rí i pé méjèèjì wà ní mílímítà kí ẹ tó pín in. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti máa ń ṣì jù. Tí iṣẹ́ bá sì gùn, ẹ máa kán omi díẹ̀ sí etí gíláàsì ìbòrí kí síláìdì má gbẹ, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó bá ń gbẹ á sún kì, ìwọ̀n tí ẹ mú lẹ́yìn náà kò ní bá ti ìṣáájú mu.